Mémórì Tí Wọ́n Pín sí Méjì

Ẹni tó bá ń pe ara rẹ̀ ní Dókítà Kọ̀ǹpútà, ẹ kọ́kọ́ bi í pé aláìsàn mélòó ló ti kú sí i lọ́wọ́.

Ẹ̀gbọ́n Ẹnu-Abẹ ni dókítà tí à ń wí yìí. Òun fúnra rẹ̀ ló fi orúkọ náà jẹ lórí ìńtánẹ́ẹ̀tì, níbi tó ti máa ń jókòó síwájú iná roboto kan nírọ̀lẹ́, tí á máa la àwọn èèyàn lọ́yẹ̀ nípa ohun tí òun gan-an ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ láàárọ̀ ọjọ́ náà. Lọ́sàn-án, iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa gbé fóònù nílé iṣẹ́ kan tó ń ta àga àti bẹ́ẹ̀dì, kó máa sọ fún àwọn oníbàárà pé bẹ́ẹ̀dì wọn ti wà lójú ọ̀nà. Irọ́ ni. Bẹ́ẹ̀dì kò tíì kúrò níbì kankan. Àbúrò rẹ̀ máa ń sọ pé ibẹ̀ yẹn ló ti kàwé gboyè dókítà.

Ẹnu-Abẹ náà kì í ṣe orúkọ àbísọ. Ìyá wọn ló sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ nígbà tó wà ní kékeré, lọ́jọ́ tí obìnrin kan wá gba aṣọ tó rán, tó ń pariwo pé aṣọ náà ti kéré jù. Ọmọ yìí wò ó láti òkè délẹ̀, ó ní, "Aṣọ ò kéré o, ẹ̀yin lẹ pọ̀." Obìnrin náà kò padà wá mọ́. Orúkọ náà kò sì kúrò lára ọmọ mọ́. Ní báyìí tó ti dàgbà, fíìmù ló ń gé. Àwọn tó ń ya fíìmù á kó àwòrán rẹpẹtẹ wá bá a, wúruwùru, bí ìgbà tí wọ́n bá da ẹrù ẹni tó ń kó kúrò nílé sójú títì. Òun á jókòó tì í, á gé èyí tí kò wúlò dànù, á so èyí tó kù pọ̀ títí á fi di ìtàn téèyàn lè jókòó wò.

Ìyá wọn, aránṣọ ni. Iwájú ilé ni yàrá ìránṣọ rẹ̀ wà, tí aṣọ àwọn òṣìṣẹ́ òtẹ́ẹ̀lì kún bámúbámú, kọ́tìnnì lápá kan, okùn òwú lápá kejì. Ohun méjì ni màmá yìí ò fọwọ́ yẹpẹrẹ mú láyé. Èkíní ni sísọ́ọ̀sì rẹ̀, irin dúdú ńlá kan tó wúwo bí òkò, tó ti ń lò kó tó di ìyá ẹnikẹ́ni. Ẹni tó bá fi gé bébà, ọjọ́ yẹn ni yóò mọ̀ pé etí òun náà ṣeé gé. Èkejì ni òfin rẹ̀: "Ọmọ méjì ni mo bí." Ohunkóhun tó bá wọlé ní méjì, dandan ni kí ọ̀kọ̀ọ̀kan mú ẹyọ kan. Nígbà kan, àǹtí wọn fi bàtà òjò kan ránṣẹ́. Màmá fún ẹ̀gbọ́n ní ẹsẹ̀ ọ̀tún, ó fún àbúrò ní tòsì. Ní gbogbo ìgbà òjò ọdún náà, àwọn ọmọ méjèèjì ń lọ sílé ìwé pẹ̀lú ẹsẹ̀ kan gbígbẹ, ẹsẹ̀ kan tútù. Nígbà tí tíṣà bi màmá léèrè, ó ní, "Èwo nínú wọn lẹ rí tí ẹsẹ̀ méjèèjì tutù?" Tíṣà ò tún bi í mọ́.

Inú ilé yìí ni Ẹnu-Abẹ ti pinnu pé òun máa fọwọ́ ara òun to kọ̀ǹpútà orí tábìlì tuntun.

Èyí tó ń lò tẹ́lẹ̀ ti di arúgbó. Ẹnu-Abẹ á tẹ nǹkan, á lọ pọn omi, á dé bá a níbi tó fi í sí. Nítorí náà ó ń fara balẹ̀ yan ohun tó máa fi to tuntun lẹ́yọ lẹ́yọ, ṣùgbọ́n orí mémórì ló pẹ́ sí jù. Mémórì ni ibi tí kọ̀ǹpútà máa ń tẹ́ iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ sí, bí aránṣọ ṣe ń tẹ́ aṣọ sórí tábìlì kó tó gé e. Tí tábìlì bá kéré, aṣọ á ṣubú sílẹ̀. Tó bá tóbi àmọ́ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ń mì, aṣọ á gé gbáú níbi tí kò yẹ. Ó ka ohun tí ilé iṣẹ́ tó ṣe bọ́ọ̀dù rẹ̀ kọ, ìyẹn pákó onírin pẹlẹbẹ tí gbogbo nǹkan yòókù ń jókòó lé. Mémórì ìran karùn-ún ni bọ́ọ̀dù náà ń gbà. Ti ìran kẹrin kò lè wọ ihò rẹ̀ láéláé, torí pé àlàfo tó wà létí ìdí wọn kò bára mu. Ó wo iye eré tí bọ́ọ̀dù lè gbà. Ó wo àwọn mémórì tí wọ́n ti dán wò lórí bọ́ọ̀dù náà, tí wọ́n ní kò dá wàhálà sílẹ̀. Ó tún mú rúlà, ó wọn àyè tó wà lábẹ́ fáànù tó ń tu ọpọlọ kọ̀ǹpútà lára, torí pé fáànù náà gbòòrò, ó yọrí sórí ihò mémórì bí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Níkẹyìn, ó yan ẹyọ méjì tó wà nínú páálí kan, dúdú, kúkúrú, tí wọ́n ti dán wọn wò pa pọ̀ kí wọ́n tó kúrò níbi tí wọ́n ti ṣe wọ́n.

Dókítà yọrí wo ojú kọ̀ǹpútà láti ẹ̀yìn rẹ̀.

"Kò níná?"

"Kí ni n ó fi iná ṣe, bọ̀dá mi? Ṣé inú kọ̀ǹpútà ni mo fẹ́ máa sùn ni?"

"Èyí tó ń tàn ló ń sáré jù. Gbogbo ayé ló mọ̀."

"Gbogbo ayé wo? Ṣé èyí tó ń wò yín? Àwọn yẹn ò kún inú ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ kan."

"Ẹnu ẹ yìí ni kò ní jẹ́ kó o rọ́wọ́ mú."

"Ẹnu mi nìkan ló ń ṣiṣẹ́ dáadáa nílé yìí. Ẹ jẹ́ kó rí àyè."

Dókítà fa ẹ̀wù rẹ̀ gún. "O kàn ń da ara ẹ láàmú lásán ni. Mémórì ni mémórì. Mú èyí tó bá wọ̀ ọ́, tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, ó parí."

Ẹnu-Abẹ pòṣé, ó sì ra èyí tó yàn.

Páálí náà dé lọ́jọ́ tí kò sí nílé. Nígbà tó wọlé, màmá ń tẹ ẹ̀rọ ìránṣọ lọ ràì, kò tiẹ̀ gbójú sókè.

"Ẹrù ẹ ti dé o. Mo ti pín in."

"Ẹ ti kí ni?"

"Mo ṣí i, mo bá méjì níbẹ̀. Ọmọ méjì ni mo bí."

"Màmá! Èmi ni mo rà á! Owó mi ni mo fi rà á!"

"Èmi ni mo bí ẹ."

Ẹnu-Abẹ gba yàrá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ pẹ̀lú ìbínú. Ó bá a tó ti ṣí kọ̀ǹpútà onígíláàsì rẹ̀, tó ti yọ ẹyọ kan nínú mémórì tirẹ̀, tó sì ti ki ẹyọ tuntun bọ ibẹ̀. Ọwọ́ ló kàn nà sí àbúrò rẹ̀ pẹ̀lú èyí tó yọ. Ohun gíga gbọọrọ kan báyìí, tí wọ́n ṣe orí rẹ̀ ṣóńṣó ṣóńṣó bí adé ọba inú eré orí ìtàgé.

"Gbà. Bákan náà ni wọ́n ṣe tóbi, ìran kan náà ni wọ́n. Mi ò rẹ́ ẹ jẹ. Kódà tèmi níná."

"Bọ̀dá, wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà sára páálí pé ẹ má yà wọ́n. Ẹ ò rí i ni, àbí ẹ ò lè kà á?"

"Ọgbọ́n ọjà nìyẹn. Wọ́n fẹ́ kó o ra méjì ni."

"Mo ti ra méjì! Ẹyọ kan ló wà lọ́wọ́ yín yẹn!"

"Lọ bá màmá sọ̀rọ̀."

Kò sẹ́ni tó mọ̀ jù ú lọ pé bíbá màmá sọ̀rọ̀ lórí òfin yẹn kò yàtọ̀ sí bíbá ògiri sọ̀rọ̀, ògiri tiẹ̀ dára jù torí kì í fèsì. Ó fi ìbínú to kọ̀ǹpútà náà bẹ́ẹ̀. Mémórì aládé yẹn fi orí gbá fáànù. Ó ní láti gbé fáànù sókè, bó sì ti gbé e sókè, ìdérí ẹ̀gbẹ́ kọ̀ǹpútà kò pa dé mọ́. Nígbà tó tanná sí i, ẹyọ kan dúdú jẹ́ẹ́ bí èèyàn gidi, èkejì ń pọ́n, ó ń di àwọ̀ ewé, ó ń di búlúù, bí ilé ijó tí kò rí oníbàárà. Ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà náà dìde. Ó ṣiṣẹ́.

Áà, ó ṣiṣẹ́! Ohun tí dókítà fi ọ̀rọ̀ yìí ṣe lọ́sẹ̀ náà, ẹ má bi mí. Tí wọ́n bá pàdé lẹ́nu ọ̀nà ilé ìwẹ̀, á ní, "Kí ni mo wí?" Tó bá ń fọ eyín, á yọ búrọ́ọ̀ṣì lẹ́nu, á ní, "Mémórì ni mémórì." Ó ṣe odidi ètò kan lé e lórí, ó ní àwọn kan wà nínú ilé òun gan-an tí ìwé kíkà ti dà lórí rú. Láàárín ọ̀rọ̀ yìí ni àwòrán rẹ̀ dì gbagidi, ẹnu ní yíyà, ojú kan ní dídì, bí ẹni tí wọ́n fi yìnyín pa. Nígbà tó padà dé, ó ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni.

Ọ̀sẹ̀ yẹn náà ni Olùdarí pe Ẹnu-Abẹ.

Obìnrin tó ń ya fíìmù ni Olùdarí, kì í fi ọ̀rọ̀ ṣòfò rárá. Ó ní òun ń ṣe fíìmù lẹ́sẹẹsẹ nípa àwọn tó ń ṣiṣẹ́ líle. Àkọ́kọ́ dá lórí àwọn tó ń so ara wọn rọ̀ sára àwọn ilé gogoro láti fọ fèrèsé. "Gé ìyẹn fún mi. Tó bá tẹ̀ mí lọ́wọ́ ní ọjọ́ Jímọ̀ kí ilé iṣẹ́ tó ti, tó sì dára, ìwọ lo máa gé gbogbo èyí tó kù. Tí kò bá dé, ẹlòmíì ti wà nílẹ̀." Ẹnu-Abẹ mọ ẹlòmíì náà. Ọkùnrin kan ni tó máa ń wọ dígí dúdú nínú ilé, tó máa ń fi orin bo gbogbo ibi tí kò mọ bó ṣe yẹ kó gé. Kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ gbaṣẹ́ mọ́ òun lọ́wọ́? Ó sàn kóun lọ máa bá ẹ̀gbọ́n òun purọ́ bẹ́ẹ̀dì.

Ó gé fíìmù náà bí ẹni tí wọ́n ṣe lóògùn iṣẹ́. Ibì kan wà níbẹ̀ tí baba arúgbó kan ń fọ fèrèsé kan láti ìta, tí ọmọdé kan sì fi imú tẹ gíláàsì náà láti inú. Baba rọra nu ibi tí imú náà wà, ọmọ náà bú sẹ́rìn-ín. Ẹnu-Abẹ, tí kò fẹ́ràn ẹnikẹ́ni lọ́sẹ̀ yẹn, fẹ́ràn baba náà. Nígbà tó gé e tán, ó ku kí kọ̀ǹpútà kó gbogbo rẹ̀ pọ̀ di fáìlì kan ṣoṣo tó ṣeé fi ránṣẹ́. Ibi tí mémórì ti máa ń kún dé ọ̀fun nìyẹn.

Ó bẹ̀rẹ̀. Ó ń lọ, ó ń lọ. Bó ṣe kọjá ìdajì díẹ̀, ojú kọ̀ǹpútà di búlúù, gbogbo rẹ̀ kú fin-ín.

Ó tún un tàn, ó tún kú. Ó yọ aládé, ó fi ẹyọ dúdú nìkan sí i. Kò kú, ṣùgbọ́n àyè kò tó, fíìmù náà kọ̀ kò ṣí tán. Ó yọ dúdú, ó fi aládé nìkan sí i. Bákan náà. Ó dá àwọn méjèèjì padà, ó dín eré wọn kù kí èyí tó yá lè bá èyí tó lọ́ra rìn. Lọ́tẹ̀ yìí ó lọ jìnnà díẹ̀ sí i kó tó kú. Lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ọmọlúàbí ni wọ́n. Ẹ fi wọ́n sínú yàrá kan, wọ́n di òun àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

Ó sáré lọ sí ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta ẹ̀yà kọ̀ǹpútà. Oníṣọ́ọ̀bù jẹ́ ọkùnrin kan tó ń rẹ́rìn-ín sí gbogbo ohun tí wọ́n bá bi í, títí kan ohun tí kò mọ̀. Ẹnu-Abẹ gbé ẹyọ dúdú fún un wò.

"Irú èyí gan-an ni mo fẹ́. Méjì nínú páálí kan."

Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín, ó wọ ẹ̀yìn lọ, ó mú ohun kúkúrú kan wá.

"Ti kọ̀ǹpútà alágbèéká nìyẹn," Ẹnu-Abẹ wí. "Ẹ ò rí i pé kò gùn tó ìdajì èyí?"

"Ó kàn kéré díẹ̀ ni, àǹtí mi."

"Ìka ọwọ́ ọmọ ọwọ́ náà kàn kéré díẹ̀ ni. Ṣé ẹ máa fi òrùka yín sí i?"

Ọkùnrin náà tún rẹ́rìn-ín, ó mú òmíràn wá. Èyí gùn tó, ṣùgbọ́n ìran kẹrin ni. Ẹnu-Abẹ fi àwọn méjèèjì ti ara wọn, ó fi èékánná tọ́ka sí àlàfo tí kò bára mu.

"Ó máa wọ̀ ọ́," oníṣọ́ọ̀bù wí. "Ẹ kàn tẹ̀ ẹ́ dáadáa. Ẹ lo agbára díẹ̀."

"Ẹ tẹ̀ ẹ́ sétí ara yín, kí n wò bóyá ó máa wọ̀ ọ́."

"Ẹ má bínú. Ẹ wo èyí, èyí ló lágbára jù nínú gbogbo wọn." Ó mú ẹyọ kan jáde tí eruku ti bò. "Wọ́n yọ ọ́ nínú àwọn ẹ̀rọ ńláńlá tí báǹkì ń lò."

"Ó dáa. Tẹ́ ẹ bá ti wá rí bọ́ọ̀dù báǹkì fún mi, ẹ pè mí. Èmi ò ń ṣọ́ owó ẹnikẹ́ni, fíìmù ni mo ń gé. Tó bá jẹ́ pé ó tiẹ̀ wọ inú ihò tèmi, kọ̀ǹpútà kò ní dá a mọ̀."

Ẹ̀rín oníṣọ́ọ̀bù wá ń kúrò díẹ̀díẹ̀. Ó ní òun lè bá a ránṣẹ́ gba irú tiẹ̀ gan-an, yóò dé lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, onídígí dúdú á ti máa fi orin bo baba arúgbó yẹn mọ́lẹ̀. Ẹnu-Abẹ gba mémórì rẹ̀ lọ́wọ́ ọkùnrin náà, ó jáde.

Nílé, ó fa ìbínú rẹ̀ mì bí ẹni tó ń gbé òògùn kíkorò mì, ó kan ilẹ̀kùn ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

"Bọ̀dá mi, ẹ jọ̀ọ́. Ẹ bá mi yọ ẹyọ tèmi. Mo dá tiyín padà rèé. Iṣẹ́ gidi ló wà lọ́wọ́ mi, títí ọjọ́ Jímọ̀ ni."

Dókítà yí àga rẹ̀ po kí ó tó dáhùn. Ó dùn mọ́ ọn kí wọ́n máa bẹ̀ ẹ́.

"Mémórì kọ́ ló ń ṣe é. Iná ilé yìí ló ń ṣe ségesège."

"Ẹ̀yin náà, ṣé iná ló ń mú kí ẹnu yín máa dì ní yíyà?"

"Nẹ́tíwọ́ọ̀kì nìyẹn!"

"Bọ̀dá, àìsàn kan náà ló ń ṣe àwa méjèèjì. Ẹ yà wọ́n, ni wọ́n ṣe ń ya wèrè."

Ó rí i lójú ẹ̀gbọ́n rẹ̀ pé ó mọ̀. Ó ti mọ̀ tipẹ́. Ṣùgbọ́n ó ti sọ fún gbogbo èèyàn inú ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ rẹ̀ yẹn pé mémórì ni mémórì, àfi kí ilé jó kó tó gbà pé òun ṣì í sọ.

"Màmá ló pín in," ó wí, ó sì dojú kọ iná roboto rẹ̀. "Èmi ò lè tàpá sí ọ̀rọ̀ ìyá mi."

Ẹ wo ọmọ rere! Ọkùnrin tí màmá ti ń bẹ̀ láti ìgbà tó ti pẹ́ kó wá tún ilẹ̀kùn ilé ìdáná ṣe.

Ọjọ́ Jímọ̀ mọ́. Dókítà ò lọ síbi iṣẹ́ lọ́jọ́ yẹn, ó jókòó sídìí tábìlì ńlá tó wà nínú yàrá ìránṣọ, ó ń mu tíì. Màmá ti tẹ́ aṣọ òtẹ́ẹ̀lì sílẹ̀, ó ti fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí i, ó sì ti gbé sísọ́ọ̀sì sílẹ̀ kó lè lọ bọ́jú. Ẹnu-Abẹ wọlé pẹ̀lú síkírúdíráfà. Ó mú sísọ́ọ̀sì ńlá náà, ó ki ẹnu síkírúdíráfà bọ ìdè àárín rẹ̀, ó fi gbogbo ara yí i. Ìdè náà dún kéè, ó tú. Sísọ́ọ̀sì di irin méjì. Ó gbé ọ̀kan ti ife tíì ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ó di èkejì mú.

"Kí lo ń ṣe yìí?" dókítà wí, tíì sì dà sí i láyà.

Màmá wọlé, omi ṣì ń kán ní àgbọ̀n rẹ̀.

"Sísọ́ọ̀sì mi dà?"

"Mo ti pín in, Màmá."

"O ti kí ni?"

"Mo wò ó, mo rí i pé irin méjì ni. Ọmọ méjì lẹ bí. Bọ̀dá ti gba tiwọn, èmi náà ti gba tèmi."

Igbe tí màmá ké, ẹ̀rọ ìránṣọ gan-an mì. "Yé è! Ẹ gbà mí o! Ìwọ ọmọ yìí, ṣé orí ẹ pé báyìí? Kí lèèyàn fẹ́ fi ẹyọ irin kan gé?"

"Ẹ fi ọ̀bẹ ilé ìdáná rọ́pò èkejì. Bákan náà ni wọ́n ṣe gùn. Irin ni irin. Àbí bẹ́ẹ̀ kọ́, dókítà?"

"Màmá, ẹ má dá a lóhùn. Orí ẹ̀ ti dàrú."

"Mo ti ra sísọ́ọ̀sì yìí kí n tó bí ẹnikẹ́ni nínú yín!"

"Èmi náà ni mo ra mémórì yẹn, Màmá. Méjì ni. Wọ́n jọ ń gé ni."

Màmá wo irin tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó wo èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ife tíì, ó wo aṣọ òtẹ́ẹ̀lì tó tẹ́ kalẹ̀ tí ṣọ́ọ̀kì wà lára rẹ̀. Kò sí ẹ̀kọ́ kankan tó wọ orí màmá nídìí ọ̀rọ̀ yìí, kí ẹnikẹ́ni má tan ara rẹ̀. Àwọn ará òtẹ́ẹ̀lì ń bọ̀ wá gba aṣọ lọ́la, ìyẹn nìkan ni.

"Kí lo fẹ́?"

"Ẹyọ tó wà nínú kọ̀ǹpútà bọ̀dá. Nísinsìnyí."

Màmá yíjú sí ọmọkùnrin rẹ̀. "Yọ ọ́ fún un."

"Màmá! Mo ní ètò nírọ̀lẹ́! Àwọn èèyàn mi ń retí mi!"

"Ṣé àwọn ló ń bọ̀ wá gba aṣọ lọ́la? Mo ní kó o yọ ọ́!"

Dókítà dìde bí ẹni tí wọ́n ń mú lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá. Ó ṣí kọ̀ǹpútà onígíláàsì rẹ̀, eruku inú rẹ̀ tó gbin ẹ̀fọ́. Ẹnu-Abẹ tẹ̀ lé e, ó bẹjú wo inú ibẹ̀, ó sì la ẹnu sílẹ̀. Ihò mẹ́rin ló wà fún mémórì. Bọ́ọ̀dù fẹ́ kí ẹni tó bá ní ẹyọ méjì fi wọ́n sí ihò kejì àti ìkẹrin, kí àlàfo wà láàárín wọn. Dókítà fi tirẹ̀ sí èkíní àti èkejì, wọ́n lẹ̀ mọ́ra.

"Bọ̀dá, ta ló ní kẹ́ ẹ fi wọ́n síbẹ̀?"

"Kí wọ́n lè sún mọ́ra. Ọ̀rọ̀ á tètè dé ọ̀dọ̀ ara wọn."

Ẹnu-Abẹ gba mémórì rẹ̀, ó gbé adé ọba fún ẹni tó ni ín, ó fi í sílẹ̀. Kó tó wọ yàrá, ó dá irin màmá padà, ó sì dè é pọ̀ ní ojú rẹ̀.

Ó fi ẹyọ dúdú méjèèjì sí ihò tó yẹ wọ́n, ó tẹ̀ wọ́n títí wọ́n fi dún kọ̀. Fáànù sọ̀ kalẹ̀ padà sí àyè rẹ̀. Ìdérí pa dé. Ó tanná sí i. Ojú kọ̀ǹpútà dúdú, kò sì yí padà. Ó dúdú pẹ́.

"O ti bà á jẹ́," dókítà wí láti ẹnu ọ̀nà, ohùn rẹ̀ dùn bí oyin.

"Wọ́n ń mọ ara wọn ni. Tí nǹkan tuntun bá wọlé, ẹni tó lọ́pọlọ á kọ́kọ́ wò ó dáadáa. Ẹ̀yin ò lè mọ̀ ọ́n."

Lẹ́yìn náà ni ojú kọ̀ǹpútà là, ó mọ́lẹ̀, gbogbo mémórì pé síbẹ̀. Ó ṣí fíìmù, ó ní kó máa kó o pọ̀. Ó jókòó tì í, kò jẹun, kò mu omi. Ó kọjá ìdajì. Ó kọjá ibi tó ti kú lọ́jọ́ kìíní, ó kọjá ibi tó ti kú lẹ́yìn tó dín eré kù. Ó dé ọ̀dọ̀ baba arúgbó àti ọmọ onímú pẹlẹbẹ, ó kọjá wọn. Ó parí. Ẹnu-Abẹ fi ránṣẹ́ lójú ẹsẹ̀, oòrùn ṣì wà lókè.

Kò pẹ́ tí fóònù dún. "Mo ti wò ó," Olùdarí wí. "Baba yẹn dára. Ìwọ lo máa gé gbogbo èyí tó kù." Ó gé fóònù. Kò tiẹ̀ ní kó kú iṣẹ́. Ẹnu-Abẹ ò retí ìyẹn náà.

Ó ń lọ sọ fún màmá nígbà tó gbọ́ ohùn rẹ̀ láti iwájú ilé: "Kí wá ni ti ẹ̀gbọ́n ẹ? Méjì ló wọlé, o kó méjèèjì. Ọmọ méjì ni mo bí o!" Ẹnu-Abẹ wo ilẹ̀, ó rí páálí òfìfo tí mémórì bá wọlé. Ó gbé e, ó fi lé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ́wọ́. Màmá mi orí, ó ní ó dọ́gba.

Nírọ̀lẹ́, ohùn dókítà ń gba ara ògiri kọjá. Ẹnu-Abẹ ṣí ètò náà lórí fóònù rẹ̀ kó lè fojú ara rẹ̀ rí i. Òun nìyẹn níwájú iná roboto, tíì ṣì wà láyà ẹ̀wù rẹ̀. Ó gbé páálí òfìfo náà sórí pẹpẹ lẹ́yìn rẹ̀ bí ẹni tó gba àmì ẹ̀yẹ.

"Ẹ̀yin ará mi, lẹ́yìn ìwádìí ìjìnlẹ̀ tí mo ṣe fúnra mi, mo fẹ́ kìlọ̀ fún yín gidigidi. Ẹ má ṣe da mémórì pọ̀ láé! Àwọn kan wà nínú ilé mi gan-an tí wọ́n kọ̀ láti gbọ́ràn sí mi lẹ́nu…"

Mémórì aládé rẹ̀ ti pé méjì padà, wọ́n ń tàn yòò nínú gíláàsì lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹnu-Abẹ dúró de ìgbà tí ẹnu náà máa dì ní yíyà. Kò dì. Ó sọ̀rọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin láì dúró, fún ìgbà àkọ́kọ́ láyé rẹ̀, kedere, ketekete, kò sí ohun tó lè dá a dúró mọ́. Èmi ni mo wò ó sàn, Ẹnu-Abẹ rò nínú ara rẹ̀.

"Sísọ́ọ̀sì yìí ò gé bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́ o!" màmá kígbe láti iwájú ilé.

Ẹnu-Abẹ pòṣé gígùn kan, ó pa fóònù, ó fi hẹ́dífóònù dí etí rẹ̀ méjèèjì, ó sì ṣí fíìmù tó kàn.